Wíwá Pílánẹ́ẹ̀tì Gbígbóná Láti Òṣogbo: Àyẹ̀wò Planet Hunters TESS

Iṣẹ́ ọ̀fẹ́ kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní Planet Hunters TESS. Àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ ló dá a sílẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 2018 lórí ìkànnì Zooniverse, kí ẹnikẹ́ni tó bá ní fóònù tàbí kọ̀ǹpútà lè bá wọn wá àwọn pílánẹ́ẹ̀tì tó ń yí ìràwọ̀ mìíràn po, Nora Eisner ti Yunifásítì Oxford ló sì ṣáájú iṣẹ́ náà. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti ń lò ó nílé mi ní Òṣogbo, mo sì fẹ́ sọ bí ó ti rí fún ẹni tó bá ń rò ó bóyá kí òun náà gbìyànjú rẹ̀ wò, pàápàá ẹni tó jẹ́ pé ìròyìn àwọn pílánẹ́ẹ̀tì ńláńlá onígáàsì tó gbóná janjan ló fà á wá. N kò ní fi èrò mi pamọ́ dé ìsàlẹ̀. Iṣẹ́ náà dára, ó sì tó ohun tí èèyàn lè ya àkókò sọ́tọ̀ fún, ṣùgbọ́n ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe jù lọ kì í ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń torí rẹ̀ wá síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àwọn pílánẹ́ẹ̀tì gbígbóná náà ni mo fẹ́ fi ṣáájú, nítorí ẹni tí kò bá mọ ohun tí wọ́n jẹ́ kò ní mọ ìtumọ̀ ohun tí iṣẹ́ yìí ń gbé síwájú rẹ̀. Ní ọdún 1995 ni Michel Mayor àti Didier Queloz, onímọ̀ ìràwọ̀ méjì láti Switzerland, kéde pé àwọn rí pílánẹ́ẹ̀tì kan tó ń yí ìràwọ̀ 51 Pegasi po. Ó wúwo tó nǹkan bí ìdajì Júpítà, tí í ṣe àgbà nínú gbogbo pílánẹ́ẹ̀tì tó ń yí oòrùn tiwa po, síbẹ̀ ọjọ́ mẹ́rin ó lé díẹ̀ péré ló fi ń yí ìràwọ̀ rẹ̀ po lẹ́ẹ̀kan. Júpítà tiwa ń lo nǹkan bí ọdún méjìlá kó tó yí oòrùn po. Mẹ́rkúrì, tó súnmọ́ oòrùn ju gbogbo àwọn yòókù lọ, ń lo ọjọ́ 88. Òmìrán onígáàsì tó fara mọ́ ìràwọ̀ rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ kò sí nínú ohun tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ ń retí nígbà náà, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí wọ́n fi ń rí irú rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, wọ́n sì fún àwọn ọkùnrin méjèèjì ní ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ físíìsì ní ọdún 2019. Júpítà gbígbóná ni àwọn onímọ̀ ń pe irú pílánẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ títí di òní.

Ọ̀nà tí Mayor àti Queloz gbà kọ́ ni Planet Hunters TESS ń gbà. Àwọn wo bí ìràwọ̀ náà ti ń mì díẹ̀díẹ̀ síwájú àti sẹ́yìn nítorí pé pílánẹ́ẹ̀tì ń fà á. Ọ̀nà kejì, tí àyẹ̀wò yìí dá lé, ni pé kí a máa wọn ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ láìdáwọ́ dúró títí pílánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ yóò fi kọjá láàárín àwa àti òun, tí ìmọ́lẹ̀ náà yóò sì dín kù fún wákàtí díẹ̀ kó tó padà sí bó ṣe wà. Ọdún 1999 ni wọ́n kọ́kọ́ rí irú ìkọjá bẹ́ẹ̀, lára ìràwọ̀ HD 209458, tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń rin ìrìn nǹkan bí ọdún 160 kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. David Charbonneau àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lo tẹlisíkóòpù kan ní Colorado tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 10 péré. Gregory Henry àti àwọn tirẹ̀ náà rí i láti Arizona. Ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ náà fi nǹkan bí ìdá kan àti ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún dín kù fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ ló sì ń ṣe ní gbogbo ọjọ́ mẹ́ta àti ààbọ̀. Mo fẹ́ kí ẹ fi ìwọ̀n tẹlisíkóòpù yẹn sọ́kàn, nítorí ó fi hàn pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ẹ̀ka ìmọ̀ yìí ti fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tí kò ní ohun èlò ńlá.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Fífẹ̀ Júpítà láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá fífẹ̀ oòrùn, nítorí náà nígbà tó bá kọjá, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ojú oòrùn ni yóò bò. Ilé ayé tiwa kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún fífẹ̀ oòrùn, nítorí náà ohun tí yóò bò kò tó ìdá kan nínú ẹgbàárùn-ún. Ẹ ó rí i pé àwọn òmìrán nìkan ni ojú lásán lè tètè dá mọ̀ lórí àtẹ. Nínú wọn, àwọn kan wà tí ìròyìn wọn ń dẹ́rù bani: KELT-9b, tí wọ́n kéde ní ọdún 2017, gbóná kọjá 4,000 dígírì Sẹ́ṣíọ̀sì ní apá tó dojú kọ ìràwọ̀ rẹ̀, èyí tó ju ooru ojú ọ̀pọ̀ ìràwọ̀ kéékèèké lọ, WASP-12b ń yí ìràwọ̀ tirẹ̀ po láàárín ọjọ́ kan ó lé díẹ̀, ipa ọ̀nà rẹ̀ sì ń sún mọ́ ìràwọ̀ náà lọ́dọọdún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún ọdún ni kó tó ṣubú sínú rẹ̀.

TESS tó wà nínú orúkọ iṣẹ́ náà jẹ́ sátẹ́láìtì tí àjọ NASA ti Amẹ́ríkà fi ránṣẹ́ sókè ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹrin ọdún 2018. Kámẹ́rà mẹ́rin ló ní, ó sì ń tẹjú mọ́ apá kan ojú ọ̀run fún nǹkan bí ọjọ́ 27 kó tó yí sí apá mìíràn. Planet Hunters TESS ń mú àkọsílẹ̀ ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ kọ̀ọ̀kan láti inú àwọn apá wọ̀nyí, ó ń sọ ọ́ di àtẹ tí àmì tótòtó kún inú rẹ̀, tí ọjọ́ ń lọ láti òsì sí ọ̀tún, tí ìmọ́lẹ̀ sì ń gòkè tó ń sọ̀kalẹ̀. Iṣẹ́ tiyín ni kí ẹ wo àtẹ náà, kí ẹ fa àmì sórí ibi tí ẹ bá ti rí kòtò tó jọ ti ìkọjá pílánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì tẹ̀ síwájú sí ìràwọ̀ mìíràn. Bí kò bá sí kòtò kankan, ẹ ó tẹ̀ síwájú bẹ́ẹ̀ náà, nítorí pé àtẹ tí kò ní nǹkan kan nínú náà jẹ́ èsì. Kò sí owó tí wọ́n ń gbà, kò sì di dandan kí ẹ ṣí àkáǹtì kí ẹ tó lè bẹ̀rẹ̀. Ìtọ́sọ́nà kúkúrú kan wà ní ìbẹ̀rẹ̀ tó fi àpẹẹrẹ hàn, ó sì yé ni dáadáa bí Gẹ̀ẹ́sì bá yé ni.

Ohun kan tí mo fẹ́ràn gan-an ni pé wọ́n máa ń fi àwọn ìkọjá àtọwọ́dá sínú àtẹ mìíràn. Bí ẹ bá ti parí àmì fífà sí irú àtẹ bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ náà yóò sọ fún yín pé àwọn ló fi kòtò yẹn síbẹ̀, yóò sì fi ibi tó wà hàn yín. Ìyẹn ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́, ó sì tún ń jẹ́ kí àwọn onímọ̀ náà mọ bí ojú àwọn tó ń ràn wọ́n lọ́wọ́ ti mú tó, irú pílánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lè rí àti irú èyí tó máa ń bọ́ mọ́ wọn lójú. Wọn kì í sì gba ọ̀rọ̀ ẹnì kan ṣoṣo gbọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń wo ìràwọ̀ kan náà, kọ̀ǹpútà ń kó àmì gbogbo wọn jọ láti wo ibi tí wọ́n ti fohùn ṣọ̀kan, ó sì ń to àwọn kòtò náà bí wọ́n ti lágbára sí. 500 tó bá wà lókè pátápátá fún apá ọ̀run kọ̀ọ̀kan ni àwọn onímọ̀ fúnra wọn ń jókòó yẹ̀ wò. Nítorí náà, ẹni tó ń bẹ̀rù pé òun lè ba iṣẹ́ ńlá jẹ́ nítorí pé òun kò kàwé sáyẹ́ǹsì kò yẹ kó bẹ̀rù mọ́.

Bí ó ti rí láti lò ó ní Òṣogbo kò gba àlàyé púpọ̀. Àtẹ náà kì í jẹ dátà púpọ̀, ó sì ń ṣí lórí fóònù tí kì í ṣe olówó ńlá, àmọ́ ojú fóònù kéré jù fún kòtò tó bá tẹ́ẹ́rẹ́, ìka ẹni a sì máa bo ohun tí ẹni fẹ́ sàmì sí. Kọ̀ǹpútà alágbèéká ló dára jù. Mo ti lò ó rí ní ilé íntánẹ́ẹ̀tì kan ní agbègbè Òkè-Fìà níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń rá pálá débi pé owó wákàtí ń lọ bí àtẹ ti ń gbìyànjú láti ṣí. Láti ìgbà náà ni mo ti gbà pé dátà orí fóònù tí a pín sórí kọ̀ǹpútà sàn ju ìyẹn lọ. Bí iná bá lọ, fóònù yóò ṣì gbé e títí bátìrì yóò fi tán.

Ojú ọ̀run wa ló mú kí irú iṣẹ́ báyìí bá àwa ará Òṣogbo mu ju rírà tẹlisíkóòpù lọ. Láti oṣù Keje sí oṣù Kẹsàn-án, ìkúùkù ló ń jókòó lé wa lórí lọ́pọ̀ òru, àwọn tó wá sí ọdún Ọ̀ṣun nínú oṣù Kẹjọ sì mọ bí òjò ti máa ń ṣe. Láti oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, eruku ọyẹ́ ń sọ ìràwọ̀ di ohun tí a ń ṣẹ́jú sí kí a tó rí. Àárín rẹ̀ ni ìràwọ̀ ti máa ń mọ́lẹ̀ kedere. Ní òru oṣù Kẹwàá, HD 209458 tí mo dárúkọ lókè fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń wà ní àtàrí wa gan-an, nítorí ibi tí ìlú wa wà lórí ilé ayé, ẹni tó bá sì ní awò olójú méjì (binoculars) tó dára lè rí i bí àmì tíńtín. Ṣùgbọ́n rírí rẹ̀ yàtọ̀ sí wíwọn ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ dé ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún fún odindi wákàtí mẹ́ta láìsí ìkúùkù kan tó gba iwájú rẹ̀ kọjá. TESS wà lókè gbogbo ìyẹn, a kò sì ní láti tọrọ àyè lọ́wọ́ òjò kí a tó wo ohun tó rí.

Bí ẹ bá ti wo àtẹ bíi mélòó kan, ẹ ó ti mọ̀ pé ìràwọ̀ kì í jókòó jẹ́ẹ́. Àwọn kan ń gbá lọ gbá bọ̀ bí ìgbì nítorí pé àbàwọ́n dúdú tó wà lójú wọn ń yí pẹ̀lú wọn. Àwọn mìíràn ń fẹ̀ wọ́n ń sún kì, ìmọ́lẹ̀ wọn sì ń lọ sókè sódò láàárín wákàtí díẹ̀. Àlàfo kan sábà máa ń wà láàárín àtẹ, ìgbà tí sátẹ́láìtì ń fi àkọsílẹ̀ ránṣẹ́ sí ilé ayé ni. Ní ẹ̀gbẹ́ irú àlàfo bẹ́ẹ̀, ìmọ́lẹ̀ tó ta láti ara ilé ayé tàbí òṣùpá wọ inú kámẹ́rà lè mú kí àtẹ náà tẹ̀ wọ̀ọ̀. Gbogbo èyí kì í ṣe pílánẹ́ẹ̀tì. Èyí tó máa ń tan ènìyàn jẹ jù ni ìràwọ̀ méjì tó ń yí ara wọn po, tí ọ̀kan ń bo èkejì. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, jókòó tì mí nígbà tí irú àtẹ bẹ́ẹ̀ ṣí, kòtò jíjìn wà níbẹ̀, òmíràn tí kò jìn tó o tẹ̀ lé e, èyí tó jìn tún padà. Ó ní, “Bọ̀dá, ẹ wò ó, wọ́n ti rí i nìyẹn!” Mo ní kó wo bí àwọn kòtò náà ti rí: wọ́n mú ṣóńṣó nísàlẹ̀, wọn kò sì dọ́gba. Pílánẹ́ẹ̀tì tó ń kọjá máa ń sábà fi kòtò tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ sílẹ̀, ìwọ̀n kan náà ni gbogbo rẹ̀ sì máa ń jẹ́. Lẹ́yìn àtẹ bíi mélòó kan sí i, òun ló ń ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Ọjọ́ kan kò tó fún ìwé ẹ̀kọ́ físíìsì láti kọ́ ọmọ ní irú ìyẹn.

Ibi tí mo ti sọ pé ohun tí iṣẹ́ yìí mọ̀ ọ́n ṣe yàtọ̀ sí ohun tí ènìyàn ń wá nìyí. Ẹni tó bá wá síbẹ̀ kó lè rí Júpítà gbígbóná tuntun fún ara rẹ̀ ní láti mọ̀ pé àwọn ẹ̀rọ ti gba iwájú rẹ̀ kọjá. Pílánẹ́ẹ̀tì tó ń yí ìràwọ̀ rẹ̀ po ní ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta yóò kọjá ní nǹkan bí ìgbà mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án láàárín ọjọ́ 27 tí TESS fi ń wo apá ọ̀run kan. Kọ̀ǹpútà mọ bí a ti ń ká àtẹ sórí ara rẹ̀ ní onírúurú ìwọ̀n ọjọ́ títí àwọn kòtò náà yóò fi bọ́ sórí ara wọn, tí wọn yóò sì hàn gbangba; kò sí bí Júpítà gbígbóná tó ń bo odindi ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ tó mọ́lẹ̀ dáadáa ṣe lè sá fún irú àwárí bẹ́ẹ̀. Wọ́n sì ṣọ̀wọ́n pẹ̀lú: nínú ẹgbẹ̀rún ìràwọ̀ tó jọ oòrùn, bóyá ni èyí tó ní irú pílánẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ fi lè ju mẹ́wàá lọ, nínú àwọn yẹn, nǹkan bí ọ̀kan nínú mẹ́wàá ló tò débi tí a ó fi rí i tó kọjá. Àwọn tí ẹ ó rí lórí àtẹ yóò sábà jẹ́ èyí tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ibi tí ẹ̀rọ ti ń kọsẹ̀ ni kòtò tó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Pílánẹ́ẹ̀tì tó ń lo oṣù mélòó kan láti yí ìràwọ̀ rẹ̀ po kò lè kọjá lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọjọ́ 27, ẹ̀rọ tí a kọ́ láti máa wá ohun tó ń padà wá yóò sì fi í sílẹ̀. Ojú ènìyàn yàtọ̀. Bí aláró ní Òṣogbo ti ń tẹ́ àdìrẹ sílẹ̀ tí yóò sì rí ibì kan ṣoṣo tí aró kò ti mú láì ka ìlà kankan, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ti wo àtẹ púpọ̀ ṣe ń rí kòtò kan ṣoṣo tó yàtọ̀. Ìwé ìwádìí tí àwọn tó ni iṣẹ́ náà gbé jáde ní ọdún 2021 lórí ọdún méjì àkọ́kọ́ fi ìdí ọ̀rọ̀ yìí múlẹ̀: ó lé ní 22,000 ènìyàn káàkiri ayé tó wo apá ọ̀run 26 àkọ́kọ́, wọ́n mú 90 jáde tí ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pílánẹ́ẹ̀tì tí ẹlòmíràn kò tíì rí, 73 nínú wọn ló sì jẹ́ ìkọjá ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ìwé yẹn kan náà sọ pé nínú àwọn tí ẹ̀rọ ti rí ṣáájú tí fífẹ̀ wọn ju ìlọ́po mẹ́rin ti ilé ayé lọ, àwọn olùrànlọ́wọ́ náà rí 85 nínú ọgọ́rùn-ún. Fún mi, iye kejì yìí ló yani lẹ́nu jù, pé àwọn tí púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe onímọ̀ ìràwọ̀ rí èyí tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ojú lásán.

Ohun tí wọ́n ti rí kì í ṣe nǹkan kékeré. TOI-813 b, tí wọ́n kéde ní ọdún 2020, fẹ̀ tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́fà ààbọ̀ ilé ayé, ọjọ́ 84 ló sì fi ń yí ìràwọ̀ àgbà kan po. TOI-4633 c tó tẹ̀ lé e ní ọdún 2024 ń lo ọjọ́ 272, ó sì wà ní ibi tí ooru kò ti pọ̀ jù tí òtútù kò sì ti pọ̀ jù. Iṣẹ́ tó ṣáájú rẹ̀, Planet Hunters àkọ́kọ́ tó lo àkọsílẹ̀ sátẹ́láìtì Kepler, ti mú pílánẹ́ẹ̀tì kan jáde ní ọdún 2012 tó ń yí ìràwọ̀ méjì po lẹ́ẹ̀kan náà, tí ìràwọ̀ méjì mìíràn tún wà lókèèrè tó ń bá wọn yí. Ẹ ṣàkíyèsí pé kò sí Júpítà gbígbóná kan nínú gbogbo àwọn tí mo kà sílẹ̀ yìí.

Ààlà kan tún wà tí iṣẹ́ náà kò lè kọjá, ẹ̀bi rẹ̀ kò sì sí lọ́rùn ẹnikẹ́ni. Kòtò inú àtẹ ń sọ bí nǹkan tó kọjá ti fẹ̀ tó, kì í sọ bó ti wúwo tó. Àwọn ìràwọ̀ kéékèèké kan wà tí fífẹ̀ wọn kò ju ti Júpítà lọ, àwọn nǹkan kan sì wà láàárín ìràwọ̀ àti pílánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fẹ̀ tó Júpítà ṣùgbọ́n tí wọ́n wúwo jù ú lọ ní ìlọ́po mẹ́tàlá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lórí àtẹ, ọmọ ìyá ni gbogbo wọn. Àfi kí àwọn onímọ̀ tún gbé tẹlisíkóòpù ńlá sí ìràwọ̀ náà, kí wọ́n wọn mímì rẹ̀ bí Mayor àti Queloz ti ṣe, kí wọ́n tó lè pè é ní pílánẹ́ẹ̀tì, ìyẹn sì lè gba ọdún. Ẹni tó bá ń retí èsì kíákíá kò ní gbádùn ibẹ̀.

Bó bá jẹ́ pé àwọn Júpítà gbígbóná gan-an lẹ fẹ́ bá ṣiṣẹ́, ibòmíràn ni mo máa tọ́ka yín sí, ìyẹn Exoplanet Watch tí NASA ń bójú tó. Òun kì í wá tuntun. Àwọn tí a ti mọ̀ ló ń tọ́jú ìṣirò àkókò wọn. Ìdí tí èyí fi ṣe pàtàkì ni pé àṣìṣe kékeré máa ń pọ̀ sí i bí àkókò ti ń lọ. Bí a bá ṣi ìwọ̀n yíyípo pílánẹ́ẹ̀tì ọlọ́jọ́ méjì kà pẹ̀lú ìṣẹ́jú àáyá kan péré, yóò ti kọjá ní ìgbà 1,800 ó lé láàárín ọdún mẹ́wàá, a ó sì ti fi nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣì í. Tẹlisíkóòpù James Webb, tó rí gáàsì kábọ́ọ̀nù olóksíjìn méjì nínú afẹ́fẹ́ òmìrán gbígbóná WASP-39b ní ọdún 2022, kò ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láti fi ṣòfò. Àwọn tó ń ràn wọ́n lọ́wọ́ ń gba fọ́tò ìràwọ̀ láti ọwọ́ àwọn tẹlisíkóòpù kéékèèké, wọ́n ń fi ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ EXOTIC wọn ìmọ́lẹ̀ inú wọn, wọ́n sì ń fi èsì ránṣẹ́. Ó gba sùúrù àti kọ̀ǹpútà ju ti Planet Hunters TESS lọ, fóònù kò sì lè gbé e dáadáa, ṣùgbọ́n níbẹ̀ ni ẹ ó ti fi ọwọ́ ara yín ya àtẹ Júpítà gbígbóná. Ẹni tí kò bá tíì fi ojú mọ àtẹ ní Planet Hunters TESS, kó má tíì lọ síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ èdè wá kù. Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo ìtọ́sọ́nà tí mo lò, àwọn ìràwọ̀ sì jẹ́ nọ́mbà gígùn tí kò ní adùn létí. Ní ọdún 2019, Àjọ Onímọ̀ Ìràwọ̀ Àgbáyé jẹ́ kí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan sọ ìràwọ̀ kan àti pílánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lórúkọ. Nàìjíríà gba HD 43197, wọ́n sọ ìràwọ̀ náà ní Amadioha, òrìṣà àrá àwọn Ìgbò, wọ́n sì sọ pílánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ní Equiano. Àwa ọmọ Oòduà lè máa rẹ́rìn-ín músẹ́ pé Amadioha ti dé ọ̀run ṣáájú Ṣàngó. Àwọn ará Côte d'Ivoire ló gba Júpítà gbígbóná: WASP-15, tí kámẹ́rà tó wà ní Sutherland ní Gúúsù Áfíríkà rí, ni wọ́n sọ ní Nyamien, pílánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sì ń jẹ́ Asye. Lẹ́ǹsì kámẹ́rà bíi ti oníṣẹ́ fọ́tò ni àwọn tó ṣe WASP, iṣẹ́ wíwá pílánẹ́ẹ̀tì tí orúkọ rẹ̀ wà lára ìràwọ̀ náà, so pọ̀ láti fi rí i, ohun tó sì yẹ kí àwọn yunifásítì wa gbọ́ nìyẹn.

Nínú ìràwọ̀ márùn-ún tí àwọn olùṣàyẹ̀wò máa ń fún nǹkan, mo fún Planet Hunters TESS ní mẹ́rin. Mo yọ ọ̀kan kúrò nítorí ojú fóònù àti nítorí pé ọmọ tí Gẹ̀ẹ́sì kò tíì yé dáadáa kò lè dá a lò láìsí àgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Olùkọ́ físíìsì tàbí ìṣirò tó bá ní kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ní kíláàsì lè gbé àtẹ síwájú ọmọ ogójì kí wọ́n jọ jiyàn lé e lórí. Mo mọ olùkọ́ kan nínú ìlú yìí tó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, tó sì ń jẹ́ kí àwọn ọmọ ṣírò fífẹ̀ nǹkan tó kọjá láti inú jíjìn kòtò. Ẹ ṣí àkáǹtì kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò pọn dandan. Iṣẹ́ ẹni tí kò bá wọlé pẹ̀lú orúkọ yóò wúlò bẹ́ẹ̀ náà, ṣùgbọ́n wọn kò ní mọ ẹni tó ṣe é. Nígbà tí wọ́n kọ ìwé ìwádìí TOI-813 b, orúkọ àwọn olùrànlọ́wọ́ tó rí i wà lára àwọn òǹkọ̀wé, pẹ̀lú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n.